Ìrírí wa lórí ilẹ̀ Bàbá ní Kuje, àti ohun tí òfin sọ nípa ẹni tó bá wọ ilẹ̀ onílẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, pàápàá fún àwa ọmọ Yorùbá tá à ń gbé Abuja àti Òkè Ọya lápapọ̀, torí bá a ṣe ń ja ìjà ilẹ̀ nílé náà ni ọ̀pọ̀ wa fẹ́ máa jà á níbí, ká kó àwọn ọmọ àdúgbò lẹ́yìn, ká wó fẹ́nsì, ká sáré lọ mú ọlọ́pàá wá, bẹ́ẹ̀ òfin ti la ọ̀nà tí èèyàn lè gbà gba ẹ̀tọ́ ẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Tí ẹnì kan bá wọ ilẹ̀ yín láìgbàṣẹ, ohun tí kóòtù máa kọ́kọ́ wò ni ọwọ́ ta ni ilẹ̀ ọ̀hún wà nígbà tó wọ̀ ọ́, kí wọ́n tó wá dé orí pé ta ló nilẹ̀. Ìyẹn ló gbà wá.

Ti àbúrò bàbá mi ni ilẹ̀ náà. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Bàbá ṣe, wọ́n wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó bá ìjọba kó kúrò l'Ékòó nígbà tí olú-ìlú kó wá s'Ábùjá ní 1991, ibí ni wọ́n ti rí ilẹ̀ gbà ní Kuje, R of O, ìwé tó sọ pé ìjọba ti yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn, nígbà tí wọ́n sanwó tán wọ́n gba C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìntì, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní kí n máa bá àwọn wò ó. Lugbe ni mò ń gbé, tíṣà ni mí, torí náà Sátidé ni mo sábà máa ń lọ síbẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ Gbàgyí, ẹ̀yà tó ti wà l'Ábùjá tipẹ́, wá láti abúlé tó wà nítòsí, ó bẹ̀ mí pé ṣé òun lè máa gbin ẹ̀pà àti ọkà bàbà síbẹ̀ kí igbó má baà bò ó. Mo pe Bàbá, wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bá kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan pé a kàn yọ̀ǹda fún un ni, a ò tà á, a ò fi háyà, ìgbàkígbà tá a bá ní kó kúrò ó máa kúrò. Ìyá tẹ̀ka, mai unguwa wọn, ìyẹn olórí àdúgbò, fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Bàbá ti rí nǹkan láyé o, ọpọlọ wọn ló jí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alága bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́ sórí pulọ́ọ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Yorùbá bíi tiwa ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ìyá ti kórè tán, ilẹ̀ wà lásán, mo débẹ̀ lọ́jọ́ kan mo rí i tí típà ti da yanrìn òun gíráńáìtì kalẹ̀ sí igun tiwa, àwọn lébìrà ti fi páànù kan àtíbàbà síbẹ̀ wọ́n ń sùn nínú ẹ̀. Mo kí Alága pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ Bàbá mi nìyí o, ẹ dákun ẹ bá wa kó o. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá mi, ilẹ̀ lásán náà ni, kí ni mo bàjẹ́ níbẹ̀?"

Gbólóhùn yẹn dùn mí dé ọkàn. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe Alága nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí òun ò bá ti gé igi, tí òun ò ba oko jẹ́, tí òun ò wó ilé, òun ò ṣẹ onílẹ̀. Irọ́ ni. Lọ́yà wa, ọmọ Ìjẹ̀bú kan báyìí tó mọṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, ló ṣàlàyé fún mi pé nínú òfin, wíwọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ ti tó ẹjọ́ fúnra ẹ̀, onílẹ̀ ò ní láti fi hàn pé ohunkóhun bàjẹ́. Òfin àtijọ́ ni, láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún ẹ̀. Ní 1762, àwọn ìránṣẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já wọ ilé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Entick, wọ́n tú ilé ẹ̀ wò, wọ́n kó ìwé ẹ̀ lọ, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, Adájọ́ Camden sì sọ ní 1765 pé ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ẹlòmíì láìgbàṣẹ, ó ti jẹ̀bi, bí nǹkan kan ò tilẹ̀ bàjẹ́. Tí ìránṣẹ́ ọba bá lè jẹ̀bi, ta wá ni Alága? Kì í sì í ṣe kéèyàn fẹsẹ̀ wọlé nìkan, tó o bá da yanrìn síbẹ̀ o ti wọ ilẹ̀, tó o bá fi búlọ́ọ̀kù ti ògiri ẹ̀ o ti wọ̀ ọ́, tí wọ́n bá tiẹ̀ gbà ọ́ láyè tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá ní kó o máa lọ tó o kọ̀ tí o ò lọ, o ti di ẹni tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ohun tó o bá gbé síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ tó bá fi wà níbẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún ń ṣẹlẹ̀ lákọ̀tun.

Nítorí náà, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi WhatsApp ránṣẹ́ sí Alága, mo kọ ọ́ ní Yorùbá mo tún kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé mi ò fún yín láyè, Bàbá náà ò fún yín láyè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kó ẹrù yín. Tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ ni mo kọ ọ́, kò sí èébú nínú ẹ̀. Mo ya fọ́tò yanrìn, mo ya ti àtíbàbà, mo ya pátákó tiwa tá a ti rì mọ́lẹ̀ tipẹ́ tó sọ pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Mo rọ̀ yín, ẹ máa tọ́jú fóònù tẹ́ ẹ bá fi ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí Evidence Act ti 2011, ìyẹn òfin ẹ̀rí, abala 84, sọ pé ohun tó bá ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó ń sọ nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é àti pé ẹ̀rọ ọ̀hún ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ti rí ẹni tí fọ́tò ẹ̀ dára gan-an tí kóòtù ò gbà á wọlé torí pé kò sí ìwé yẹn.

Alága ò kó ẹrù. Ìpìlẹ̀ fẹ́nsì ló tún gbẹ́, fẹ́nsì ọ̀hún sì wọ inú tiwa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná nìyí. Àwọn ọmọ Bàbá ní Kaduna pè mí, inú ń bí wọn, wọ́n ní àwọn máa kó àwọn ọmọkùnrin wá lóru wá wó o, torí ilẹ̀ àwọn ni. Lọ́yà ní kí wọ́n má dán an wò. Ó ní àwọn adájọ́ wa kò fẹ́ràn ẹni tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ̀san rárá, ó ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ bá ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wí lórí ẹ̀ ní 1986, nígbà tí wọ́n fi ipá lé Ojukwu jáde nílé n'Ìkòyí tí ẹjọ́ ọ̀hún ṣì wà ní kóòtù. Ìjọba ológun nìyẹn o, tó ní ṣọ́jà tó sì ní ìbọn. Tá a bá wó fẹ́nsì lóru, Alága ló máa di olùpẹ̀jọ́, àwa la ó wá máa rojọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ní kí ọlọ́pàá wá gbé e nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé eléyìí, torí ó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Penal Code ni wọ́n ń lò ní Abuja àti l'Ókè Ọya, kì í ṣe Criminal Code tí wọ́n ń lò lápá ọ̀dọ̀ wa. Abala 342 nínú Penal Code sọ pé wíwọ ilẹ̀ onílẹ̀ lè di ọ̀ràn tí wọ́n lè fi èèyàn ṣẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé ẹni ọ̀hún wọ̀ ọ́ pẹ̀lú èrò láti ṣe ìwà ọ̀daràn níbẹ̀, tàbí láti dẹ́rù ba ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, tàbí láti bú u, tàbí láti mú inú bí i. Èrò inú ẹ̀ ni wọ́n máa wò. Ẹni tó ń sọ pé òun rò pé ilẹ̀ òun ni, tó sì ní ìwé kan tó dì mú, ó ṣòro láti kó o sábẹ́ òfin yẹn. Ìjà ilẹ̀ tó kù, ẹjọ́ láàárín èèyàn méjì ni, kóòtù ló ni ín. Police Act ti 2020, ìyẹn òfin ọlọ́pàá, abala 32, kọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì torí irú ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀daràn bẹ́ẹ̀, ACJA ti 2015, ìyẹn òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, náà ti sọ ohun kan náà ṣáájú ẹ̀ ní abala 8.

Òfin yìí wá ṣe wá láǹfààní níbi tá ò ti retí ẹ̀. Alága ló kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní mò ń halẹ̀ mọ́ àwọn lébìrà wọn, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí. Mi ò dá lọ. Èmi àti Lọ́yà la jọ lọ, mo fi WhatsApp tí mo kọ hàn wọ́n, ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ kà á láti òkè délẹ̀, ó wá wo Alága, ó ní, "Oga, this is land matter, go to court." Mo padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ pé èébú ni mo kọ síbẹ̀ ńkọ́?

Ó wá ku kóòtù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bójú tó ilẹ̀ fún èèyàn, ẹ fetí sí èyí. Èmi kọ́ ni mo pẹjọ́. Orúkọ Bàbá ni Lọ́yà fi pẹjọ́ ní High Court ti FCT, ìyẹn Abuja àti agbègbè ẹ̀, torí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀ fún ẹlòmíì, ọwọ́ ẹni tó rán an níṣẹ́ ni òfin ka ilẹ̀ náà sí. Ẹlẹ́rìí ni mo jẹ́. Tí mo bá fi orúkọ ara mi pè é, ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà Alága máa sọ ni pé kí ni tèmi níbẹ̀. Bàbá ò lágbára àtirìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dí ẹjọ́ lọ́wọ́.

Kí la fi hàn pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ Bàbá? Ẹjọ́ kan tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní 1974, Amakor àti Obiefuna, ni Lọ́yà máa ń pè lẹ́nu ṣáá, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ilẹ̀ wà níkàáwọ́ ẹ̀ ló lè pe ẹni tó wọ̀ ọ́ lẹ́jọ́, kódà tí ìkáwọ́ ọ̀hún bá kéré, àfi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ní ẹ̀tọ́ tó ju tiẹ̀ lọ. Èèyàn ò ní láti kọ́lé kí wọ́n tó gbà pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Pátákó wa wà níbẹ̀. Rìsíìtì owó ilẹ̀ tí Bàbá ń san wà níbẹ̀. Ìwé pélébé tí ìyá Gbàgyí tẹ̀ka sí wà níbẹ̀, òun ló sì ṣiṣẹ́ jù, torí oko tí ìyá ń dá pẹ̀lú àṣẹ Bàbá, Bàbá ló dà bíi pé ó ń dá a. Ká ní kò sí ìwé yẹn, lọ́yà wọn ì bá sọ pé ìyá ló nilẹ̀, tàbí pé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bojú tó ni.

Ṣùgbọ́n Alága náà ní tiwọn, wọ́n ní ibi tí àwọn gbé fẹ́nsì sí, àwọn ló ni ín. Tí ọ̀rọ̀ bá ti débẹ̀, kóòtù ní láti wádìí ta ló nilẹ̀ gan-an, o ò lè sá fún un mọ́. Ọ̀nà márùn-ún ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kà sílẹ̀ ní 1976 nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, lórí ilẹ̀ kan ní Warri: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, kéèyàn ti máa lo ilẹ̀ bí olówó ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ tipẹ́, tàbí kó jẹ́ pé òun ló ni ilẹ̀ tó so mọ́ ọn débi pé ó jọ pé òun náà ló nìyí. Nílé, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ lagbára jù, "baba ńlá wa ló tẹ̀ ẹ́ dó." L'Ábùjá kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin Ìpilẹ̀ 1999, abala 297, sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ FCT, Mínísítà FCT ni Ààrẹ sì gbé àṣẹ lé lọ́wọ́ láti máa pín in. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá rà lọ́wọ́ olóyè abúlé ní Kuje, ní Bwari tàbí ní Gwagwalada ò fi lè dúró níwájú ẹni tí Mínísítà fún. Ó máa ń ṣe mí láàánú fún àwọn Gbàgyí o, ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n wá ń tọrọ láyè láti gbin ẹ̀pà sí, mo máa ń ronú sí i tí mo bá rí ìyá yẹn lóko.

Ìwé tí Alága gbé wá, ti area council ni, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ l'Ábùjá. Area council ò láṣẹ àtipín ilẹ̀ ní FCT. Ẹ má ṣì mí gbọ́, ìyẹn ò sọ pé ẹnikẹ́ni lè lọ gorí ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Alága, tí àjèjì tí kò ní nǹkan kan bá wọ̀ ọ́, Alága lè pè é lẹ́jọ́. Àmọ́ níwájú ẹni tó ní C of O, ìwé yẹn ò dúró.

Adájọ́ fún wa ní àṣẹ ìdádúró pé kí iṣẹ́ fẹ́nsì dúró títí ẹjọ́ á fi parí. Ká tó rí i gbà, a ní láti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tó bá já sí pé a ò jàre, a máa san ohun tí ìdádúró yẹn bá ná Alága. Bàbá ní ẹ fọwọ́ sí i, ó dá wọn lójú.

Lẹ́yìn náà ni sọ́fíyọ̀ tiwa àti tiwọn jọ wá sórí ilẹ̀. Ẹ̀rọ GPS sọ ibi tí bíkọ́ọ̀nù, òpó sìmẹ́ńtì kékeré tó ń sàmì ààlà, yẹ kó wà, a débẹ̀, òkìtì yanrìn ló bò ó. Àwọn sọ́fíyọ̀ bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn pé bóyá wọ́n ti hú u. Ìyá Gbàgyí ló wá láti ẹ̀yìn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó dúró níbi igi máńgòrò tó wà lórí ilẹ̀ wa, ó ka ìṣísẹ̀, ó dúró, ó ní lédè Hausa, "Ga shi nan," ìyẹn "Òun nìyí." Wọ́n fi ṣọ́bìrì ko yanrìn, ó fi ẹ̀yìn àdá ha ilẹ̀, orí òpó sìmẹ́ńtì kékeré náà yọ, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i nígbà tó ṣì tutù ṣì wà lára ẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé Bàbá. Fẹ́nsì Alága ti kọjá ẹ̀ dáadáa. Sọ́fíyọ̀ tiwọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Kuje wá pè wá. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, wọ́n ní ọmọ ìyá ni wá nílẹ̀ àjèjì, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo dúpẹ́, mo ní àwa náà ò fẹ́ ìjà, ṣùgbọ́n ohun tá a bá fẹnu kò lé lórí, ẹ jẹ́ kó wọ ìwé kóòtù. Àwọn kan bínú, wọ́n ní mò ń tàbùkù àgbà. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Àdéhùn tí wọ́n fi ẹnu lásán ṣe lórí ilẹ̀, tí àgbà méjì nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ bá papòdà, kí ló kù? Tó bá jẹ́ pé inú kóòtù ni, ìdájọ́ ni, ẹni tó bá rú u rú òfin, òfin ìpilẹ̀ sì sọ pé ẹnikẹ́ni ò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì jọ fọwọ́ sí, àfi tí kóòtù bá fún un láyè.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Abuja Multi-Door Courthouse, tó wà fún irú ìlàjà bẹ́ẹ̀, la ti jókòó, a kọ àdéhùn, adájọ́ sọ ọ́ di ìdájọ́. Alága wó ibi tó wọ tiwa, wọ́n kó ẹrù wọn, sọ́fíyọ̀ méjèèjì fọwọ́ sí àwòrán ilẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n san owó ìtanràn fún Bàbá lórí wíwọ̀ tí wọ́n wọ̀ ọ́, kì í ṣe lórí pé nǹkan kan bàjẹ́. Bàbá ní kí n mú díẹ̀ nínú ẹ̀ fún ìyá Gbàgyí.

A ti fẹ́ mọ fẹ́nsì tiwa báyìí, ìwé àṣẹ ìkọ́lé la ń dúró dè lọ́dọ̀ Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ l'Ábùjá, torí níní C of O ò sọ pé èèyàn lè kọ́ ohun tó bá wù ú. Alága pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ẹ̀ka máńgòrò wa ti nà wọ inú ọgbà àwọn, ṣé àwọn lè gé e. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ibi tó bá ti kọjá ààlà, ẹ lè gé e láti ẹ̀gbẹ́ tiyín, bó ṣe wà nínú òfin nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀ka àti èso ẹ̀ ṣì jẹ́ ti onígi, kẹ́ ẹ bá wa jù ú sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n á pè mí kí wọ́n tó gé e.